Ọmọ Mi Ń Fi Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ Mi

Rárá o, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì bẹ̀ mí! Ẹ má tíì bẹ̀ mí rárá! Ẹ jókòó ná, ẹ gbé báàgì yín sílẹ̀, ẹ mí, torí mo mọ̀ pé Alákòóso ló rán yín wá, mo ti mọ̀ látìgbà tí ẹ ti ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó gbé ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tí mo fi ikùn ara mi bí! Àkọ́bí mi! Ó ṣí kọ̀ǹpútà kalẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ń wo bí mo ṣe ń jáde àti bí mo ṣe ń wọlé, bí ẹni ń ṣọ́ ewúrẹ́ tó máa ń já okùn! Ewúrẹ́ gan-an, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á sùn nígbà míì. Ẹni tó ń ṣọ́ tèmi ò sùn o. Ṣé wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ sí yín rí? Ẹ dá mi lóhùn. Wọ́n ti ṣe é sí yín rí, Eyínfúnjowó?

Hẹn-ẹn. Ẹ rí i.

Ẹ sì mọ ìdí tó fi rán yín? Kò sọ ìyẹn fún yín. Kò ní sọ ọ́! Kò rí mi mọ́ ni. Ó ti ṣí kọ̀ǹpútà, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, kò rí ìyá ẹ̀ níbẹ̀, àyà ẹ̀ já, ló bá sáré wá bá yín pé kí ẹ lọ bá òun wo Màámi, Màámi ń bínú. Ó ti sọ yín di kọ̀ǹpútà, Ẹ̀gbọ́n mi! Ojú yín méjèèjì ló fẹ́ fi rọ́pò ihò tí mo dí mọ́ ọn. Mi ò bú yín o. Ẹ̀yin lẹ gbà mí nígbà tí mo wọ ilé yín gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ẹ ò sì fojú ìyàwó wò mí rí, mi ò jẹ́ gbàgbé láé. Ṣùgbọ́n ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi lónìí, gbogbo ẹ̀, pátápátá.

Ṣebí ẹ rántí ìgbà tó ra fóònù tuntun fún mi? Ẹ̀yin náà bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. A yọ ọ́ nínú páálí, ó ń dán gbinrin, fóònù bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìbéèrè: kí lorúkọ ẹ, kí ni ímeèlì ẹ, mú ọ̀rọ̀ àṣírí wá kí n tó dá ẹ lóhùn. Mo ní kí nìyí, ṣé àwọn ọlọ́pàá ló ṣe é ni? Mo ní mi ò ní ímeèlì o. Alákòóso ní, "Màámi, ẹ má dara yín láàmú, tèmi la máa lò, gbogbo ẹ̀ á wà lójú kan." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi tiẹ̀ síbẹ̀. Èmi jókòó tì í, mi ò mọ nǹkan kan, mò ń bó ọsàn fún un. Mò ń bó ọsàn fún ẹni tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ kejì sí yàrá mi! Mo tún ń gbàdúrà lé e, wàá ṣoríire, ọmọ ẹ náà á tọ́jú ẹ bó o ṣe ń tọ́jú mi. Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá ṣe é ṣe, díẹ̀ wà nínú àdúrà ọjọ́ yẹn tí mo fẹ́ gbà padà.

Ẹ ní kí n rọra sọ̀rọ̀? Nínú ilé mi? Mi ò rọra!

Ẹ ní ó dáa ná, kí ni mo lọ ń ṣe nídìí ọkọ̀ ní ọjọ́ orí mi yìí? Áà! Ẹ̀yin náà? Ẹ wá wo iṣẹ́ mi ná. Kéèkì onípele mẹ́ta ni mo fi gbogbo ọjọ́ ṣe fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó lóṣù tó kọjá, mo fọwọ́ ara mi ṣe òdòdó ṣúgà sí i lára lọ́kọ̀ọ̀kan, ewé ẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ẹ bá mí sí i ó lè kán. Mo gbé e sínú takisí, mo bẹ onítakisí, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra o, ẹni tó wà lẹ́yìn yìí ò ní egungun. Ó ní kò sí wàhálà. Kò sí wàhálà! A dé ìyànà àkọ́kọ́, ó tẹ búréèkì gbàgà, ìpele òkè fò, ó lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Nígbà tí mo gbé ìyókù débẹ̀, ìyàwó rí i, ó bú sẹ́kún, lójú gbogbo èèyàn. Ìyá ọkọ wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bóyá mo jókòó lé e ni. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tí àbúrò yín, ọkọ mi, kú fi sílẹ̀ wà lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé, táyà ẹ̀ ń rọ, aláǹgbá ti fi ibẹ̀ ṣe yàrá. Mo dúró lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan, mo wo ọkọ̀ yẹn, ó dà bíi pé òun náà ń wò mí. Mo ní kí ló ṣe ẹsẹ̀ mi? Kí ló ṣe ọwọ́ mi? Ọwọ́ tó ń ṣe òdòdó ṣúgà, kò wá lè yí síárìn?

Ni mo bá lọ bá ọ̀gá kan tó ń kọ́ èèyàn lọ́kọ̀ wíwà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo, tí ọkọ̀ bá kú mọ́ mi lọ́wọ́ á ní, "Ìyá, ẹ tún un tàn," bíi pé òun ló pa á. Lẹ́yìn ilé ìgẹdú la ti ń kọ́ ọ, ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí kò séèyàn, pákó nìkan ni wọ́n tò jọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ fò bí ọ̀pọ̀lọ́, mo ké yéè, ọ̀gá ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́." Nígbà tó yá, jíà ń wọlé wẹ́rẹ́, mò ń fẹ̀yìn rìn láàárín òkìtì pákó méjì láì fara kan ìkankan. Ẹ̀gbọ́n mi, inú mi dùn, kí n má parọ́. Láti ìgbà tí àbúrò yín ti kú, mi ò tíì ṣe nǹkan kan tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo dá a rò, tí mo dá a ṣe, tó sì ń lọ déédéé. Ìdánwò ìwé àṣẹ ọkọ̀ sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ kàn rí mi lọ́jọ́ kan tí mo wa ọkọ̀ bàbá wọn wọ àgbàlá, kí ẹnu yà wọ́n. Àbí èèyàn ò gbọ́dọ̀ ní àṣírí mọ́ tó bá ti bímọ?

Ibẹ̀ ni mo wà, ọwọ́ mi méjèèjì lórí síárìn, fóònù dún. Alákòóso ni. Kò kí mi! Kò ní ẹ káàárọ̀! Ó ní, "Màámi, kí lẹ̀ ń wá lẹ́yìn ilé ìgẹdú?"

Orí mi wú. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo wo òkè. Pákó nìkan ni mi ò bi léèrè pé ṣé òun ló sọ. Mo délé, mi ò lè jẹun, mò ń ro ẹni tó lè ti tú mi fó. Ẹ má bínú o, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fura sí. Họ́wù! Ẹ̀yin lẹ pàdé mi lọ́jọ́ kan tí mò ń kánjú, ẹ bi mí ibi tí mò ń lọ, mo parọ́ fún yín pé mò ń lọ ra bọ́tà. Mo bá yín yan odì ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ ò tiẹ̀ mọ̀! Ẹ rò pé eyín ló ń dùn mí, ẹ tún fi oògùn ránṣẹ́. Ẹ rí ohun tí ọmọ yẹn fẹ́ dá sílẹ̀ láàárín èmi àtẹ̀yin? Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ rín in dáadáa, èmi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

Òun fúnra ẹ̀ ló wá tú àṣírí ara ẹ̀. Ó jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yẹn gan-an, ó gbé kọ̀ǹpútà lé orúnkún, ó ní kí n wá wò ó, kí n má bàa máa rò pé ẹnì kan ń ṣòfófó. Ó tiẹ̀ ń fi yangàn! Mo wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ayé mi ló wà lórí orúnkún ọmọ yẹn. Àwòrán ìlú jáde, àmì pupa kan wà láàárín ẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin nìyí, Màámi." Èmi nìyẹn! Èmi ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, mo ti di àmì pupa. Ó tẹ ibòmíì, orúkọ gbogbo ẹni tí mo ní nọ́ńbà ẹ̀ tò jáde. Ó tún tẹ ibòmíì, gbogbo àwòrán tí mo fi fóònù yà dà sílẹ̀, títí kan ti oówo tó so sí mi nítan, tí mo yà kí n lè fi han nọ́ọ̀sì! Oówo ìtan ìyá ẹ̀! Ó ní òun ò wò ó. Ta ló wá wò ó, ajá? Àbúrò yín tó fẹ́ mi sílé kò bá oówo yẹn láyé, ọmọ ẹ̀ wá rí i lórí kọ̀ǹpútà!

Kò tán síbẹ̀ o. Ohùn tí mo máa ń gbà sílẹ̀ kí n tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi aránṣọ, ó wà níbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ọbẹ̀ ìyàwó ẹ̀! Mo ní ọbẹ̀ yẹn, ẹni tó bá wẹ ọwọ́ síbẹ̀ kò ní mọ̀ pé omi kọ́. Ẹ̀fẹ̀ ni! Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sọ́rẹ̀ẹ́ ni! Ṣé mo máa sọ ọ́ lójú ọmọ ọlọ́mọ ni? Ọmọ náà dáa, ó mọ èèyàn í tọ́jú, ọbẹ̀ nìkan ni wọn ò tíì jọ gbọ́ ara wọn yé. Mo wá ń wo ojú Alákòóso, mi ò mọ̀ bóyá ó ti gbọ́ ọ, mi ò sì lè béèrè. Títí di ìsinsìnyí, tí ìyàwó yẹn bá gbé oúnjẹ síwájú mi, ojú máa ń tì mí, màá wá jẹ ẹ́ tán fún un, màá tún béèrè sí i!

Mo ní kí ló dé tó o fi ń ṣe èyí? Ó ní ààbò. Ààbò! "Torí ààbò yín ni, Màámi." Bó ṣe ń sọ ọ́ yẹn, ó ti rí Ọ̀gá Ọkọ̀ láàárín orúkọ inú fóònù mi, ó ti pe ọkùnrin yẹn, ó ti halẹ̀ mọ́ ọn pé bí nǹkan bá ṣe ìyá òun, ilé ẹjọ́ ni wọ́n máa bára wọn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn! Ó wá bá mi, ó bọ́ fìlà, ó ń wolẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, mi ò lè kọ́ yín mọ́, mo ní ọmọ tí mò ń bọ́." Ojú tì mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ojú tì mí bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n fetí fà jáde ní kíláàsì. Kò sì sẹ́ni tó lè ṣe ìdánwò yẹn láìjẹ́ pé olùkọ́ ẹ̀ bá a lọ, ọkọ̀ olùkọ́ ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Ìpè kan ṣoṣo ni ọmọ mi fi gba ìdánwò mi lọ́wọ́ mi. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ẹ fi oówo sílẹ̀, ẹ fi ọbẹ̀ sílẹ̀. Ìdánwò mi ló gbà!

Wọ́n tún wá ṣèpàdé! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, lórí fóònù, èmi ò sí níbẹ̀, wọ́n jíròrò lórí mi bíi pé ilẹ̀ ogún ni mí. Wọ́n ní kí wọ́n ta ọkọ̀ bàbá wọn kí ojú mi lè kúrò lára ẹ̀. Ṣé wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín ni? Ṣé mo ti kú ni? Ẹ bá mi fọwọ́ kàn mí wò, Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ara mi ò gbóná?

Kí lẹ wí? Ó fẹ́ràn mi? Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn mi! Ta ló ní kò fẹ́ràn mi? Ẹni tó fẹ́ràn ẹyẹ náà ló ń há a mọ́ àgò. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ rí i tó ń to bàtà àwọn àbúrò ẹ̀, tó ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ wẹ̀, ẹ ní Alákòóso dé. A jọ ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Èmi wá nìyí, ó ti to bàtà tèmi náà. Ẹ ní ojú mi ńkọ́? Ojú mi ń rí abẹ́rẹ́ nínú ìyẹ̀fun. Ẹ ní ọjọ́ orí? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ fi wakọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi wà á! Ẹ ní àbúrò yín ò ní gbà á? Háà. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gbé òkú wọ ọ̀rọ̀ yìí o. Àbúrò yín ló kọ́kọ́ gbé mi jókòó sídìí síárìn yẹn nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ẹ̀yin lẹ yọjú lójú fèrèsé tí ẹ lọgun pé ó fẹ́ pa ìyàwó. Ẹ ti gbàgbé? Èmi ò gbàgbé.

Ẹ mu omi yín.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Mi ò sunkún. Mo wẹ̀, mo múra, mo gba ṣọ́ọ̀bù obìnrin oníkọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ lọ, láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, mo ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń wò mí." Ṣé ẹ mọ̀ pé inú kọ̀ǹpútà Alákòóso ni mo rò pé gbogbo nǹkan yẹn wà? Mo ti ń pète bí mo ṣe máa jí i gbé, mo ti yan páálí kéèkì tí mo máa gbé e sí! Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, kò sí nínú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, ẹni tó bá ti ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí lè jókòó síbi tó wù ú kó ṣí i." Mo ní ká ṣí i nígbà náà. Ó ní ọ̀rọ̀ àṣírí ńkọ́? Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó tẹ nǹkan, fóònù ọwọ́ mi bá dún, ó ń bi mí pé ṣé èmi ni mo fẹ́ wọlé. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn ṣí! Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn! Torí fóònù mi wà lábẹ́ orúkọ ẹ̀, fóònù mi náà lè ṣí ilé ẹ̀. Gbogbo ìwé tí Alákòóso kà, kò rò ó débẹ̀.

Àmì méjì ló wà lórí àwòrán ìlú yẹn, Ẹ̀gbọ́n mi. Méjì. Tèmi àti tiẹ̀. Bó ṣe ń rí mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi náà lè máa rí i.

Kí ni mo rí? Hà! Ẹ wo bí ẹ ṣe nàró! Ẹ̀yin tí ẹ wá bá a bẹ̀bẹ̀! Ẹ má bi mí. Mo rí ohun tí mo rí, mo sì ní kí obìnrin náà pa á dé, kó yọ fóònù mi kúrò lábẹ́ orúkọ ọmọ mi, kó ṣí tèmi fún mi, orúkọ tèmi, ọ̀rọ̀ àṣírí tèmi, ẹ ò lè gbọ́ ọ lẹ́nu mi bí ẹ bá tiẹ̀ fún mi ní ilé. Ó parí ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Rárá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ obìnrin. Mi ò sọ pé obìnrin ni! Ẹ wò ó, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ ò tíì rí nǹkan kan, ẹ ti fẹ́ ìyàwó kejì fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ fi mí sílẹ̀. Kò kan ẹnikẹ́ni.

Ẹ gbọ́. Fóònù ń dún. Òun náà nìyẹn, ara ẹ̀ ò balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo kéèkì tó wà nínú ààrò nílé ìdáná, ẹ ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ẹ̀, tó bá jáde gbẹ, ẹ bá mi pa iná. Ẹ má kánjú o, ẹ jẹ́ kó jinná. Ẹ fa ilẹ̀kùn yẹn mọ́ra.

Hàlóò. Alákòóso.

Mo wà láàyè. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti dé, wọ́n wà nílé ìdáná. Dákẹ́ kó o gbọ́ mi. Torí tìẹ ni mo fi ń rọra sọ̀rọ̀, kì í ṣe torí tèmi.

Mo ṣí i, ọmọ mi. Mo rí ẹ níbẹ̀.

Ọgbà ìgbafẹ́ ẹ̀bá odò. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fún yín ní ìsinmi ni, ni mo wá rí ipasẹ̀ ẹ tó ti wà níbẹ̀ láti ẹ̀yìn, ọgbà yẹn náà ni lójoojúmọ́, títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, kó o tó wá gba ọ̀nà ilé. O ò tiẹ̀ gba àdúgbò ọ́fíìsì ẹ kọjá.

Mm.

Ìgbà wo?

Yéè, ọmọ mi. Látìgbà yẹn? Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ, o wá ń wọ aṣọ iṣẹ́ jáde láràárọ̀ lọ jókòó sí ọgbà? Ìyàwó ẹ mọ̀? Kò mọ̀.

Má sunkún. Tàbí kó o sun ún, kò sẹ́ni tó ń wò ẹ́. Èmi ti jáde níbẹ̀, mi ò rí ẹ mọ́, mi ò sì fẹ́ rí ẹ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣé torí ẹ̀ nìyẹn? Ṣé torí ẹ̀ lo ṣe ń fi gbogbo ọjọ́ wò mí? O jókòó síbẹ̀, kọ̀ǹpútà lórí orúnkún, kò sí nǹkan kan tó ń gbọ́ tìẹ mọ́, lo bá mú ìyá ẹ, o ń darí ẹ̀? Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀ lóòótọ́. Èmi tí mo bí ẹ, mi ò mọ̀ pé inú ń run ẹ́.

Gbọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò pe ọ̀gá ẹ tẹ́lẹ̀. Mi ò pe ìyàwó ẹ. Mi ò kó àwọn àbúrò ẹ jọ sórí fóònù láti sọ̀rọ̀ ẹ. Ṣó o gbọ́ gbogbo ohun tí mi ò ṣe? Ìwọ lo máa sọ fún ìyàwó ẹ, lẹ́nu ara ẹ, má sì jẹ́ kó pẹ́, torí kò dáa kó lọ gbọ́ ọ níta. Má lọ sí ọgbà lọ́la. Wá síbí. Iṣẹ́ pọ̀ nílé ìdáná mi, mi ò tiẹ̀ ní bi ẹ́ ní ìbéèrè kankan, kó o ṣáà máa bá mi po ìyẹ̀fun.

Ṣùgbọ́n má rò pé mo ti dárí jì ẹ́ o! Àánú ẹ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi, méjèèjì ló pé ṣánṣán. Pe Ọ̀gá Ọkọ̀. Nísinsìnyí. Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, pè é, kó gbọ́ ohùn ẹ bó ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó o ń halẹ̀, bẹ̀ ẹ́, sọ fún un pé ìyá ẹ fẹ́ ṣe ìdánwò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé ìwọ kọ́ lo ni ín. Tí o ò bá wá pè é ńkọ́? Tí o ò bá pè é, mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ ẹ síbẹ̀. Kó yé ẹ: mi ò fi àṣírí ẹ ra nǹkan kan. Àmọ́ màá wá olùkọ́ míì, tí ìyẹn bá sá, màá tún wá òmíì, màá sì wa ọkọ̀ yẹn lójú gbogbo yín. A ò tà á. Sọ fún àwọn ìyókù pé mo ní a ò tà á.

Mo gbọ́. Mo gbọ́, ọmọ mi. Lọ bọ́jú ẹ.

Ẹ ti dé! Ó ti jinná? Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Kí ló wí? Ó ní kí n kí yín.

Ó ní kí n kí yín, ó ní ẹ kú ọ̀nà. Ìyẹn náà ni. Ìkíni ò lè pẹ́ ni? Ọgbà wo? Ta ló dárúkọ ọgbà? Ẹ̀gbọ́n mi, etí yín wà lára ilẹ̀kùn! Ẹ̀yin náà! Ẹ fi kéèkì mi sílẹ̀ nínú iná, ẹ lọ ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀! Ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi ni, mo ní kó wá bá mi ro ó. Mo mọ̀ pé n kò ní ọgbà lẹ́yìnkùlé. Mo fẹ́ dá a sílẹ̀ ni. Ẹ máa wò mí báyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi ni, ẹ ò ní gbọ́ ọ, ẹ bá mi tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ara yín.

Ẹ dúró. Ó tún ń dún. Kì í ṣe Alákòóso. Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi, Ọ̀gá Ọkọ̀ ni! Hàlóò? Ọ̀gá, ẹ káàsán o. Ó pè yín? Ó bẹ̀ yín? Ó sọ bẹ́ẹ̀? Ìrọ̀lẹ́ yìí? Ẹ máa bọ̀, mo ti múra, àní mo ti múra, ìdúró ni mo wà!

Kí lẹ wí, Ẹ̀gbọ́n mi? Ẹ fẹ́ máa lọ? Ó dáa, ẹ gbé báàgì yín, ẹ kú ìrọ́jú. Àmọ́ ohun kan ni mo bẹ̀ yín o: tí ẹ bá fẹ́ sọdá títì nírọ̀lẹ́ yìí, ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ tún un wò dáadáa, torí èmi ni mò ń bọ̀! Hà hà hà hà!